Aró Tí Kò Sí Nínú Àtùpà

Ní gbogbo ọdún tí Èṣùbíyìí lò láyé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ afárá, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan àtùpà mọ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀, á gbé àpótí rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, á jókòó sínú òkùnkùn, á máa fetí sí ohùn àwọn ará ilé. Àwọn tí kò mọ̀ ní ojú ló ń dùn ún. Kò bá wọn jiyàn.

Kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ̀. Ojú náà mú títí ó fi kú. Ohun tí ó fi ojú náà rí ni kò lè gbàgbé.

Ọmọ àgbẹ̀ ni. Oko baba rẹ̀ wà ní ọ̀nà Ara, iṣu àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn, Èṣù ni wọ́n ń bọ nílé wọn, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ẹdẹ. Nígbà tí òyìnbó ń wá òṣìṣẹ́, àwọn géńdé tí àyà wọn ki ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Èṣùbíyìí kò ga, kò sì sanra. Ṣùgbọ́n òyìnbó rí i níjọ́ kan tí ó ń da epo láti inú garawa sínú ìgò, tí ẹ̀kán kan kò kán sílẹ̀. Ó ní kí ó wá máa tọ́jú àtùpà.

Àtùpà mẹ́sàn-án ló wà ní téṣàn. Láràárọ̀ ni Èṣùbíyìí ń nu èéfín kúrò lára dígí wọn, tí ó ń fi àlùmágàjí rẹ́ orí òwú wọn, tí ó ń rọ epo òyìnbó sí wọn nínú. Èyí tí ó ń tọ́jú jù ni àtùpà ọwọ́ tí wọ́n fi ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Dígí mẹ́ta ni àtùpà yìí ní, èyí tí ènìyàn lè yí wá síwájú iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Pupa: dúró. Àwọ̀ ewé: rọra, àwọn ènìyàn wà lójú irin. Funfun: ọ̀nà mọ́, máa bọ̀. Kò sí ẹni tó ń jẹun ní téṣàn tí kò mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àbúrò rẹ̀, Afọlábí, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan, ń ṣiṣẹ́ lójú irin bákan náà, ṣùgbọ́n òòlù àti ṣọ́bìrì ni tirẹ̀. Ọkùnrin gìrìwò ni, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Àkànkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń rẹ aṣọ láró. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, nítorí náà Àkànkẹ́ sọ Èṣùbíyìí ní Alátùpà.

"Alátùpà mi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé iná ò tíì jó yín?"

"Kò tíì jó mi, Àkànkẹ́. Aró ńkọ́, ṣé kò tíì rẹ ọ́ dé ọrùn?"

Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láràárọ̀ nìyẹn, fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Dígí kan wà nílé náà tí Afọlábí fẹ́ràn. Òyìnbó kan tí ó ń wọn ilẹ̀ ló dà á nù nígbà tí àtùpà ńlá tí ó ń so kọ́ àjà ilé rẹ̀ já bọ́. Ó gùn tó ìka, ó ní ojú mẹ́ta, ó mọ́ bí omi inú àmù. Bí a bá gbé e sí ìtànṣán oòrùn tó gba ihò òrùlé wọlé, á ju òṣùmàrè sára ògiri. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí pupa, á gba àwọ̀ ìyeyè, á gba àwọ̀ ewé, á dé orí aró, á wá parí sí èsè àlùkò. Àkànkẹ́ a máa fi ìka wọn ibi tí aró wà níbẹ̀.

"Ẹ wo bó ṣe fẹ̀ tó. Kò sí ìkòkò mi tó tíì fún mi nírú èyí."

Ní àkókò ọyẹ́ ọdún kẹrin, dígí àwọ̀ ewé ara àtùpà ọwọ́ yọ bọ́, ó fọ́. Wọ́n kọ̀wé béèrè òmíràn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ọkọ̀ gbé dígí náà dé, wọ́n fi bébà wé e. Èṣùbíyìí jáde sínú oòrùn, ó tú u wò. Àwọ̀ aró ni. Aró gidi, bí ojú ọ̀run ọjọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Akínwálé, akọ̀wé téṣàn, wà nílé pẹ̀lú ibà. Kò sí ẹlòmíràn nítòsí tí ó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára bébà náà. Èṣùbíyìí ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí Afọlábí ń kọjá pẹ̀lú ṣọ́bìrì léjìká.

"Kí lẹ̀ ń wò bí ẹni rí ejò nínú igbá?"

"Wo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Àwọ̀ ewé la ní kí wọ́n fún wa, aró ni wọ́n gbé wá."

Afọlábí gbà á, ó gbé e sójú, ó wo téṣàn yíká. "Wọ́n gbọ́ pé aláró ni ìyàwó mi ni. Ẹ jẹ́ n gbé e lọ fún un, kó lọ rẹ aṣọ."

"Má fi mí ṣeré. Ọ̀la ni iṣẹ́ afárá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa wà lórí ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá ń bọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi sọ fún dírẹ́bà pé kó rọra?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Afọlábí. Ó ronú díẹ̀, ó gbé ṣọ́bìrì ti ògiri, ó lọ sílé. Nígbà tí ó padà dé, ìgò ọtí òyìnbó ló mú lọ́wọ́, onígun mẹ́rin, tí ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Àdín ni Àkànkẹ́ ń dà sínú rẹ̀.

"Ṣé ìyàwó rẹ mọ̀ pé o mú un?"

"Tó bá wá a, á mọ̀."

Èṣùbíyìí fọ́ ìgò náà, ó mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ó ń fi ojú òkúta pa á títí ó fi ṣe wẹ́kú sí ẹnu àtùpà. Ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó dára bí ewé kókò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó fi bébà wé dígí aláró náà padà, ó fi í sábẹ́ àpótí rẹ̀ títí ara Akínwálé yóò fi yá, kí ó lè kọ̀wé sí àwọn tó fi í ránṣẹ́ pé wọ́n ti ṣèṣì.

Ọ̀sán gangan ló fi dán an wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ bo ilẹ̀ bí eérú. Oòrùn kò wọ̀ bí ó ti máa ń wọ̀. Inú eruku ló rì sí. Ọkùnrin méjìlá ló wà lórí afárá odò Ọ̀ṣun tí wọ́n ń pààrọ̀ pákó. Èṣùbíyìí dúró níwájú, ní ibi tí ojú irin ti yí, àtùpà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Ó yí dígí ìgò náà wá síwájú iná, ó gbé e sókè, ó kọ ojú rẹ̀ sí ọkọ̀.

Ẹni tó gbé àtùpà kì í rí ojú rẹ̀. Iwájú ni iná ń lọ, ẹ̀yìn iná ni Èṣùbíyìí wà.

Ó ń retí kí ìró ẹ̀rọ rẹlẹ̀. Kò rẹlẹ̀. Ó fi àtùpà náà juwọ́. Ọkọ̀ ń bọ̀ kíkankíkan. Kí ó tó rántí pé òun lè yí i sí pupa, ọkọ̀ ti kọjá lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ti gbé fìlà lọ lórí rẹ̀. Ó pariwo. Òun nìkan ló gbọ́ ariwo náà.

Mọ́kànlá bẹ́ sílẹ̀ sínú iyanrìn, torí odò ti fà. Afọlábí ló wà láàárín afárá.

Wọ́n gbé e wálé kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Aṣọ tí wọ́n fi bò ó, Àkànkẹ́ ló rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni wọ́n jókòó lé ẹjọ́ náà lórí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń jẹ́ Jacob ni dírẹ́bà. Ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì. Ó ní funfun ni òun rí.

"Funfun ló wí pé ọ̀nà mọ́. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé ni mo rí, kí ló máa mú mi sáré?"

Wọ́n bi Èṣùbíyìí léèrè. Ó ní àwọ̀ ewé lòun gbé sókè. Wọ́n ní ṣé yóò búra. Ó ní òun yóò búra. Wọ́n gbé irin fún un, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn abọ̀rìṣà, ó sì fi ẹnu kàn án.

"Àwọ̀ ewé ni mo gbé sókè. Bó bá jẹ́ irọ́, kí Ògún mu ẹ̀jẹ̀ mi."

Òyìnbó ní kí wọ́n gbé àtùpà náà wá. Ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn wà, ó yí dígí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Pupa jẹ́ pupa. Funfun jẹ́ funfun. Èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, ojú gbogbo ènìyàn rí i pé àwọ̀ ewé ni. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n tan iná sí i.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Jacob. Bí wọ́n ti ń jáde, ó dúró síwájú Èṣùbíyìí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò mí dáadáa. Funfun ni mo rí."

Èṣùbíyìí tutọ́ sílẹ̀, ó kọjá.

Ọyẹ́ lọ, òjò dé. Àkànkẹ́ jókòó ọ̀fọ̀, ó pé, ó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Kò gbàgbé láti máa kí Alátùpà rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n àwàdà ti kúrò nínú ìkíni náà. Níjọ́ kan, ó ní òun ò rí ìgò àdín òun mọ́ láti ìgbà ọyẹ́. Èṣùbíyìí ní òun yóò ra òmíràn fún un. Ó rà á. Kò sọ ohun tó ṣe ti àkọ́kọ́, nítorí kò rí i bí ohun tí ó yẹ kí ènìyàn sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láti téṣàn, tòun ti àtùpà tí ó ti tàn. Àkànkẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká aṣọ lé orí eékún. Èṣùbíyìí gbé iná sún mọ́ ọn kí ó lè ríran. Àkànkẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà náà.

"Ẹ gbé iná yín kúrò, Alátùpà. A kì í fi iná yẹ aró wò."

"Kí ló dé?"

"Irọ́ ló ń pa. Aṣọ tó jẹ́ aró lọ́sàn-án, ẹ gbé e dé ìdí iná, á di dúdú. Bí oòrùn bá ti wọ̀, mi ò dá aṣọ ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Àbúrò yín ló wá fi ìdí ẹ̀ hàn mí."

Ó nawọ́ sínú igbá kékeré kan, ó mú dígí olójú mẹ́ta náà jáde.

"Ẹ gbé e sójú, kí ẹ fi wo iná yín."

Èṣùbíyìí gbé e sójú. Ó rí pupa, ó fẹ̀. Ó rí àwọ̀ ìyeyè, ó fẹ̀ jù pupa lọ. Ó rí àwọ̀ ewé, kò tó nǹkan. Níbi tó yẹ kí aró wà, tí ó máa ń gba ìka mẹ́ta lára ògiri lọ́sàn-án, okùn tín-ín-rín kan ló rí, tó rí bí èéfín. Èsè àlùkò kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

"Aró dà?" ni Àkànkẹ́ wí.

"Ó kéré."

"Kò sí níbẹ̀ ni kí ẹ wí. Ohun tí iná ò ní, kò lè fún aṣọ. Àbúrò yín ní bí òyìnbó ṣe gbọ́n tó, wọn ò rí aró rà sínú àtùpà wọn."

Èṣùbíyìí ṣì gbé dígí náà sójú. Nígbà tó ṣe, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó gbé àtùpà rẹ̀, ó ní òun gbàgbé nǹkan sí téṣàn.

Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì kù lójú ọ̀run nígbà tí ó débẹ̀. Ó gbé àtùpà ọwọ́ lé orí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó tan iná sí i, ó yí dígí ìgò wá síwájú rẹ̀. Ó rìn lọ ní ogójì ẹsẹ̀, ó yíjú padà.

Funfun ló rí. Funfun tí ó pọ́n díẹ̀, bí iná inú ilé ẹnikẹ́ni. Ó padà lọ yí i sí dígí funfun gan-an, ó tún rìn lọ, ó tún wò ó. Kò mọ ìyàtọ̀.

Ó lọ gbé àpótí rẹ̀, ó mú ohun tí ó fi bébà wé jáde. Ó yọ dígí ìgò kúrò, ó fi dígí aláró bọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rìn lọ. Kò yíjú bọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yíjú, àwọ̀ ewé ló ń wò ó láti orí òkúta náà, tútù, kedere, tí ọmọdé kò lè ṣì í mọ̀.

Ó jókòó sórí irin.

Àwọn tó fi dígí náà ránṣẹ́ kò ṣèṣì. Wọ́n mọ irú iná tí yóò máa jó lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló gbé e lọ bá oòrùn. Òótọ́ ni Jacob sọ lórí Bíbélì rẹ̀. Òun, Èṣùbíyìí, ló fi ẹnu kan irin lórí ohun tí kò rí. Ó mọ̀ pé òun kò mọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ láti kékeré pé Ògún kì í bi ẹni léèrè bóyá ẹni mọ̀.

Bí ó bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láé. Ó gbé èyí káyà fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹfà, ó bá Akínwálé ní téṣàn, ó sọ fún un. Akínwálé ti ilẹ̀kùn.

"Ìwé ẹjọ́ yẹn ti lọ sí Èkó, Èṣùbíyìí. Bí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé ọ, wọn ò sì ní pe Jacob padà. Ta ló máa wá jèrè ẹ̀?"

Èṣùbíyìí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Òṣogbo, níbi tí Jacob ń gbé. Kò wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ó bá Jacob lẹ́yìn ilé kan níbi tí ó ti ń la igi ìdáná fún onílé. Ó ti rù. Èṣùbíyìí kò jókòó. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì na dígí méjèèjì sí i. Jacob kò gbà wọ́n. Ó gbé àáké rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo ti gbà tẹ́lẹ̀," ló wí.

"O gbà kí ni?"

"Pé ojú mi ló purọ́. Ẹ̀yin lẹ pàdánù ọmọ ìyá yín, ẹ sì fi ẹnu kan irin. Mo ní ẹni tó ṣọ̀fọ̀ báyìí ò ní parọ́ mọ́ mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí nǹkan funfun, mo máa ń bi ìyàwó mi bóyá funfun ni." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ohun tí mi ò ṣe. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba irú ẹ̀ padà."

Èṣùbíyìí dọ̀bálẹ̀ fún un, àgbà fún ọmọdé. Jacob fà á dìde.

"Ìyàwó àbúrò yín ńkọ́? Ẹ ti sọ fún un?"

"Rárá."

"Ẹ lọ sọ fún un. Èmi ti gbọ́ tèmi."

Àárọ̀ ni ó bá Àkànkẹ́ nídìí ìkòkò, aró dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Èṣùbíyìí gbé dígí méjèèjì kalẹ̀ sórí ẹní.

"Ìgò àdín rẹ tó sọnù nìyí."

Àkànkẹ́ nu ọwọ́, ó mú èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ níbi tí òkúta ti pa á dán. Èṣùbíyìí sọ gbogbo rẹ̀. Kò yọ ìbúra sílẹ̀, kò yọ itọ́ tí ó tu sílẹ̀. Nígbà tí ó parí, Àkànkẹ́ yíjú wo ìkòkò. Ìfófò aró ń bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ìkòkò.

"Òun ló mú un wá fún yín?"

"Òun ni."

"Kò bi mí."

"Kò bi ọ́."

"Inú ilé yìí ni mo wà lọ́jọ́ náà. Mo ń sá aṣọ. Ká ní ó bi mí pé kí ló fẹ́ fi ìgò ṣe, ǹ bá sọ fún un pé iná ń parọ́." Ó gbé dígí náà sílẹ̀ sórí ẹní, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó lè tún fọ́. "Ẹ̀yin náà, ẹ ò bi mí."

"N kò bi ọ́, Àkànkẹ́."

Ó padà sídìí ìkòkò, ó ri aṣọ bọ inú aró, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí omi fi bò ó.

"Mo gbọ́, Bàbá," ló wí.

Kò bínú sí i lójú ẹnikẹ́ni. Ó ń kí i láràárọ̀ lórí ìkúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Nígbà àjọ̀dún, á bu oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò pè é ní Alátùpà mọ́, láti ọjọ́ náà títí ayé.

Èṣùbíyìí fi iṣẹ́ téṣàn sílẹ̀, ó padà sí iṣẹ́ oko, ó ń ti ilé lọ sí ọ̀nà Ara. Ó ń retí irin tí ó fi búra. Bí àdá bá yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á dúró, á wò ó. Bí ọkọ́ bá ta òkúta, á dúró. Irin kò wá. Ó gbó, irun rẹ̀ funfun, ó sin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, irin kò wá. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé bóyá bí irin ṣe máa ń wá gan-an nìyí.

Lálẹ́, bí ó bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó máa ń di dandan nígbà mìíràn kí Àkànkẹ́ gba ibẹ̀ kọjá tòun ti fìtílà, láti lọ wo ìkòkò rẹ̀. Á rìn kíákíá. Á fi ọwọ́ bo ojú iná, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má bàa dé ara Bàbá. Ogójì ọdún ni ọwọ́ náà fi wà nínú aró. Lójú iná, dúdú ni.